Àdúrà Tí Sáfà Mi Gé Kúrú

Mo ti tẹ Enter, mo sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Ugborikoko, ní Warri, níbi tí a ti ń tẹ lẹ́tà, tí a ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí a sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo èsì ìdánwò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òjò ọ̀sán ti lé àwọn oníbàárà lọ. Mo ti kà á níbì kan pé ènìyàn lè bá sáfà sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba inú ohun tí a fi ń wo ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹ̀rọ tó jókòó síbì kan tó ń retí ìbéèrè, tó sì ń dáhùn, ni wọ́n ń pè ní sáfà. Mo ṣí ojú dúdú tí a máa ń kọ àṣẹ sí, mo dárí rẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́: GET / HTTP/1.0, ìyẹn ni pé, fún mi ní ojú ìwé rẹ àkọ́kọ́. Mo dúró. Mo ka ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún. Kò dáhùn.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ìlà òfìfo kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìbéèrè, kí sáfà lè mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dákẹ́. Ó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀ mi ni! Mo tẹ Enter kejì. Kí n tó gbé ìka mi kúrò, ìdáhùn ti kún ojú kọ̀ǹpútà: HTTP/1.1 200 OK, ìlà mẹ́sàn-án tí ó fi ṣàlàyé ara rẹ̀, ìlà òfìfo kan, lẹ́yìn náà gbogbo ojú ìwé tí mo béèrè. Mo pariwo.

Ọkùnrin Urhobo tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé fò dìde. "Wetin? Na rat?"

"Na server," ni mo sọ. "E answer me."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Your mates dey find husband wey go answer dem. You, na server you dey find."

Kò yé e, n kò sì bínú. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan náà ti mú mi. N kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ ọ. Mo ń kà, mo ń dán an wò, mo ń bà á jẹ́, mo sì ń tún un ṣe. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi máa pé, mo ti kọ àkójọ kóòdù kékeré tèmi, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó bi sáfà ní ìbéèrè, kí ó sì sọ fún mi bóyá ìdáhùn rẹ̀ bá ohun tí mo retí mu. Ìlà igba ó lé mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Kò mọ àwòrán, kò mọ ìjápọ̀ tó so ojú ìwé mọ́ra, bí wọ́n bá ní kí ó lọ béèrè níbòmíràn kò ní lọ. Ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ka nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣáájú ìdáhùn, ó ń tilẹ̀kùn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 200 tàbí 201, ó dára, á kọ ọ́ ní àwọ̀ ewé. Bí ó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, á kọ ọ́ ní pupa. Mo fẹ́ràn kíkéré rẹ̀. Mo lè rántí gbogbo ìlà rẹ̀ lórí bí ẹni ń ka Sáàmù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kóòdù nìkan ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí. Torí bàbá mi ni.

Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣẹ́ akọ̀wé ní èbúté ló gbé bàbá mi wá sí Warri kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Àwa márùn-ún ni wọ́n bí níbí, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Ní ilé wa, èdè méjì ló wà. Yorùbá ni àwọn òbí wa ń sọ sí wa, Pidgin ni àwa fi ń dá wọn lóhùn. Màmá mi á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Èmi á ní, "I don chop, Mama." Kò sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì, àfi bàbá mi. Òun kì í bá wa jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi Pidgin dá a lóhùn, á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ní láti rìn jìnnà kó tó dé etí rẹ̀.

Àárọ̀ nìkan ni Pidgin kì í wọlé. Kí a tó lọ sí ilé ìwé, bàbá mi á tò wá sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, láti orí àkọ́bí títí dé orí mi. Á kọ́kọ́ kí Ọlọ́run, kíkí tó gùn: ó kí I fún omi, ó kí I fún afẹ́fẹ́, ó kí I fún òru tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa gbé ọwọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, á pe orúkọ wa, á sì gbàdúrà fún olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbàdúrà fún ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe àmín. Ẹlòmíràn kì í bá a ṣe é. Torí pé èmi ni mo kẹ́yìn, èmi ni orúnkún máa ń dùn jù. Mo máa ń ka ìlà tó wà lára aṣọ bàbá mi títí yóò fi kàn mí, nígbà tó bá sì kàn mí, "Àmín" tí mo máa ń ṣe, ti ẹni tó fẹ́ dìde ni.

Nígbà tí màmá mi kú, gbogbo ohùn rẹ̀ tó kù wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi àgbà: ìpè tó gbà sílẹ̀, ìkíni ọjọ́ ìbí, ibi tí màmá ti ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà. Fóònù náà bọ́ sómi ní ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. A gbé e fún ẹni mẹ́ta tó ń tún fóònù ṣe. Kò jí. Kò sí ibòmíràn tí ohùn màmá wa wà mọ́ lórí ilẹ̀ ayé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni bàbá mi fẹ̀yìn tì, ó sì ní òun ń padà sí etí òkun. Kí ó tó lọ, ó ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ olùkọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ fún mi ní etí omi, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè é, pé kí n lọ rí ọkùnrin náà ní ọjọ́ Ajé. Ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, àwọn èrò ń pariwo, orí mi sì gbóná nítorí pé ó ń lọ. Mo ní, "Papa, I no dey go. Na computer I wan do."

Ó wọ ọkọ̀. Ó juwọ́ sí gbogbo wa, n kò sì mọ̀ bóyá mo wà lára gbogbo wa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ sáfà kan fún ẹbí wa. Mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé ohùn bàbá kò ní bọ́ sómi bí ti màmá. Ní abúlé bàbá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń bá a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù kékeré kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń lọ sí ọjà ìlú tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á gbé fóònù lọ, á ṣí ojú ìwé tí mo ṣe, á tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn náà á sì wá sórí sáfà mi. Gbogbo wa á gbà á láti ibẹ̀, ọ̀kan ní Ekete lẹ́bàá Warri, ọ̀kan ní Ìbàdàn, méjì ní Àkúrẹ́, èmi ní Ugborikoko. Fóònù náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó bàbá kékeré fi gbọ́dọ̀ pa ohùn rẹ́ kúrò lórí rẹ̀ ní kété tó bá ti fi ránṣẹ́, kí àyè lè wà fún òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí a kàn máa lo ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti wa. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi.

Mo dán an wò kí n tó fi fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dán an wò, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ lọ́nà mọ́kànlá, mo fi àkójọ kóòdù mi rán wọn sí sáfà, mo sì ka ìdáhùn. "How far." "Testing, testing." "E don enter?" "Abeg answer me." Èyí tó gùn jù nínú wọn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá, ibi tí mo ti ń bú iná tí wọ́n mú lọ. Sáfà dáhùn 201 ní ìgbà mọ́kànlá, ìyẹn ni pé, mo ti gbà á, mo ti fi í pamọ́. Ìlà mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ àwọ̀ ewé. Mo yọ̀. Ọmọ Warri ni mí, ta ló ń kí ẹ̀rọ kó tó sọ ohun tó ń wá?

Bàbá mi ń kí i. Nínú ohùn àkọ́kọ́ tó ti abúlé wá, ó fi ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ kí Ọlọ́run, ó kí sáfà ("ìwọ ohun tí o ń gbé ohùn mi, a kí ọ o"), ó kí wa lápapọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àkọ́bí, gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀ ní pálọ̀. Mo jókòó lórí ìjókòó oníke lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi nǹkan sétí, mo ń retí kó kàn mí. Ó gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Ó gbàdúrà fún èkejì, ó gbàdúrà fún ẹ̀kẹta. Ó wà lórí ẹ̀kẹrin, ó ń sọ pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe kọ, nígbà tí ohùn náà tán.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí òkun ló gbé ìyókù mì. Ẹ̀gbọ́n mi kẹrin náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún rí bákan náà. Ìgbà míràn á tán sórí ẹ̀kẹrin, ìgbà míràn á parí àdúrà ẹ̀kẹrin pátá, á mí, á sì tán. Kò pe orúkọ mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò fura, torí ohun kan tí mo wá mọ̀ nípa ẹbí wa: olúkúlùkù ń gbọ́ ọ títí dé ibi tirẹ̀, á ṣe àmín tirẹ̀, á fi ránṣẹ́ padà sí bàbá fún ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, á sì pa á. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ dé òpin, nítorí òpin ni mo wà.

Mo ro ó bí ẹni tó mọ̀wé. Mo ní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í mọ ẹni tó ń bá jà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gé ọ̀rọ̀, lónìí á gé ti àkọ́bí, lọ́la á gé ti ẹ̀kẹta. Ohun tó bá ń kan ẹnì kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ọwọ́ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ títí ó fi yé mi. Bàbá mi ń fi mí sílẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ ní etí omi.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ohùn bá dé, mo máa ń kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yàrá mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹni pé bóyá bí mo bá kúnlẹ̀ ó máa rí mi. N kò wo bí ohùn náà ṣe gùn tó rí. Orúkọ mi ni mo ń fi etí wá. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, mo ṣíwọ́ fífi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe àmín sí? Ọdún kan kọjá, oṣù mélòó kan tún gun orí rẹ̀. Ohùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ní ọ̀sán Sunday kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní Ekete. Ó jẹun tán, ó ń fi igi tayín, ó sì ń wò mí ní ìwò kan báyìí.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ó wí, "kí ni bàbá ṣe fún ọ?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, wetin be dat?"

"Fi Yorùbá dá mi lóhùn. Bàbá pè mí lánàá láti ọjà. Ohun tó bi mí ni pé, ṣé àdúrà òun ń rùn sí ọ ni. Ó ní gbogbo wa ń ṣe àmín, ìwọ nìkan ni o kò ṣe é. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbàdúrà fún ọ, òun kò gbọ́ àmín kan lẹ́nu rẹ."

Mo ní, "Kì í gbàdúrà fún mi."

"Ta ni kì í gbàdúrà?"

"Bàbá. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ ti gbọ́ ibi tó ti pe orúkọ mi rí?"

Ó yọ igi tó fi ń tayín kúrò lẹ́nu. "Èmi... tèmi ni mo máa ń gbọ́."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo kọ́ ẹ̀rọ náà, àbí èmi ni?" Ojú tì í, ó sì ń fi ìbínú bò ó. "Lọ bi ẹ̀rọ rẹ."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà, èmi àti ìyá kan tó gbé agbọ̀n iṣu lé itan la jókòó pọ̀. Bí bàbá bá ń gbàdúrà fún mi, tí n kò sì gbọ́ ọ, ẹlòmíràn wà láàárín wa. Mo ti ka bàbá, mo ti ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì. N kò ka ara mi.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, Sunday ni, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo gbé fóònù mi, mo sì ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà sí i ní Yorùbá, èyí tó gùn jù nínú gbogbo Sáàmù. Mo dúró nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé. Irú gbígbà tí fóònù kékeré abúlé ń lò ni mo lò, èyí tó ń fi ẹgbẹ̀jọ báìtì (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ohun tó bá gbà) pa ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ́, pẹ̀lú báìtì mẹ́fà níwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ báìtì 960,006. Mo fi àkójọ kóòdù mi rán an. Sáfà dáhùn 201, àwọ̀ ewé tó rẹwà. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo ní kí ó lọ gba ohùn náà padà, kí ó sì ka báìtì rẹ̀.

524,288.

Mo mọ nọ́ńbà náà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú sáfà. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, mo ní kí ó bu báìtì 524,288 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ohun tó bá ń wọlé, mo sì rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù. N kò sọ fún un pé kó tún bù. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìwọ̀n ìbù náà. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, sáfà mi jẹ́ kó dànù, ó sì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun ti gbà á. Àkójọ kóòdù mi sì gbà á gbọ́, nítorí nọ́ńbà mẹ́ta nìkan ni mo kọ́ ọ láti wò.

Mo lọ wo àwọn ohùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà. Olúkúlùkù wọn jẹ́ 524,288, kò lé kan, kò dín kan.

Ẹkún kọ́ ni mo kọ́kọ́ sun. Àkọsílẹ̀ sáfà ni mo kọ́kọ́ ṣí, torí mo rántí pé kí fóònù tó fi ohùn ránṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ sọ iye báìtì tó ń bọ̀, sáfà mi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà mo lè mọ bí ohun tó dànù ṣe gùn tó. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo yọ 524,288 kúrò nínú iye tí fóònù sọ. Gbogbo ohun tó dànù jẹ́ báìtì 3,273,626. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Èyí tó kúrú jù nínú wọn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún. Èyí tó gùn jù jẹ́ ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, ó sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣe ọjọ́ ìbí. Mo mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, mo mọ ìgbà tí ó parí. Ohun tí bàbá mi sọ láàárín méjèèjì, kò sí lórí fóònù kankan, kò sí lórí sáfà kankan. Ibẹ̀ ni mo ti wá sunkún.

Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kí ọkọ̀ tó tún gbé bàbá lọ sí ọjà. Mo pe bàbá mi ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta ẹja lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ àdúrà yín rí. Ẹ̀rọ mi ló ń gé e. Ó ń gé e kó tó kàn mí."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tí mo kọ́."

"Ìwọ fúnra rẹ lo kàn án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kọ́kọ́ kéré, tó wá ń pọ̀ sí i títí ikọ́ fi mú un. "O kan ọkọ̀ fún ará ilé," ni ó wí, "o kò fi àyè ara rẹ sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, ojú mi sì tutù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wọn sọ fún mi. Àwọn tó ti lọ. Kódà bó jẹ́ díẹ̀."

"Kí n tún kí ni sọ?"

"Àdúrà náà."

"Ọmọ mi, mi ò lè rántí wọn. Ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni mo máa ń sọ." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àti pé kò sọnù. Ìwọ ni kò gbọ́. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ èmi náà fẹ́ gbọ́. Títí di òní mo ṣì fẹ́ gbọ́ ọ, pàápàá ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá yẹn. Ìgbà míràn, bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí oníbàárà, mo máa ń wo aago, mo máa ń jẹ́ kí ìwọ̀n àkókò yẹn kọjá ní ìdákẹ́jẹ́, mo sì ń ronú ohun tí ènìyàn lè fi kún un.

Kí a tó pa ìpè náà, mo dọ́gbọ́n béèrè. Mo ní, "Bàbá, nítorí kí ẹ̀rọ má tún gé e, ẹ ò ṣe máa fi tèmi ṣáájú?"

"Ṣé ìwọ lo bí ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" ni ó wí. "Tún ẹ̀rọ rẹ ṣe."

Mo tún un ṣe. Sáfà náà kì í bu ẹ̀ẹ̀kan dákẹ́ mọ́. Ó ń bù títí iye báìtì tó wọlé yóò fi dọ́gba pẹ̀lú iye tí fóònù sọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì já lójú ọ̀nà, kò ní sọ pé òun ti gbà á. Á kọ̀ ọ́, kí ìyàwó bàbá kékeré tún un rán kó tó pa á rẹ́. Àkójọ kóòdù mi ti di ìlà igba ó lé ọgbọ̀n. Kì í gba 201 gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn tó bá ti fi nǹkan ránṣẹ́, á lọ gbà á padà, á ka báìtì rẹ̀, á sì fi èyí tó rán àti èyí tó gbà wé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ìdánwò mi ti di méjìdínlógójì. Mo pa gbogbo "How far" rẹ́ kúrò nínú wọn. Yorùbá ni gbogbo wọn, wọ́n ń kí ènìyàn dáadáa, èyí tó gùn jù sì jẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Ọkùnrin Urhobo tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé gbọ́ mi níbi tí mo ti ń gba ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, tí mo ń kí sáfà kú iṣẹ́, kú ìjókòó, kú ojú lọ́nà. Ó mi orí. "Now you don dey prostrate for am."

Ohùn tó dé gbẹ̀yìn ti abúlé wá ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Fóònù ní báìtì 817,606 ni òun ń rán. Sáfà kọ báìtì 817,606 sílẹ̀. Mo gbà á padà, mo kà á, 817,606. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá mi dé orí mi ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlọ́gọ́ta, ó sì pe orúkọ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínláàádọ́rin ló fi gbàdúrà fún mi. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kù, ó fi í dúró de àmín mi, mo sì ṣe é.